Bọ́tìnì Lójú Ọ̀nà Jíjìn

Ìjà ni wọ́n fi pàdé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀rín ni ìfẹ́ tòótọ́ máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ẹ bi í bóyá ó ti kò lójú aránṣọ tí iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́ rí.

Ilé ìtura tuntun kan ni wọ́n ń parí lọ́wọ́ nígbà náà. Aránṣọ yìí ló gba iṣẹ́ aṣọ ojú fèrèsé gbogbo yàrá ibẹ̀. Ó rán an títí ẹ̀yìn fi ń ro ó, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú mọ́tò kékeré rẹ̀, ó dé ibẹ̀, ó gun àga, ó so àkọ́kọ́ kọ́. Aṣọ kò dé ìsàlẹ̀ fèrèsé. Ó so èkejì, kò dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹta náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìbàdí mú.

"Ta ló wọn fèrèsé ilé yìí?"

Ọkùnrin kan tó wà lórí àkàbà níta, tó ń fi gíláàsì sí fèrèsé, yọ orí wọlé. "Èmi ni o. Kò yẹ̀ rárá."

"Kò yẹ̀ kẹ̀? Ẹ ò rí aṣọ mi bó ṣe kúrú bíi ṣòkòtò tí ọmọ ti dàgbà jù?"

"Wọ́n ní kí n wọn fèrèsé, mo sì wọ̀n ọ́n. Ẹ wo gíláàsì yìí, bí ẹ bá rí ibi tó ti yẹ̀, ẹ sọ fún mi."

"Gíláàsì! Gíláàsì nìkan lẹ wọ̀n? Igi tó yí i ká ńkọ́? Etí ògiri ńkọ́? Àbí gíláàsì nìkan ni wọ́n máa ń fi aṣọ bò lọ́dọ̀ tiyín?"

Onígíláàsì wo gíláàsì, ó wo igi, ó tún wo aṣọ tó ń mì dirodiro lókè. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè, mo jẹ̀bi. Àwa onígíláàsì, ojú wa kì í rí nǹkan mìíràn lára fèrèsé. Ẹ má bínú, àǹtí mi. Kí ni kí n ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ya aránṣọ lẹ́nu. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, bàbá rẹ̀ lè fi odindi ọ̀sẹ̀ wá ẹni tó máa di ẹ̀bi rù kó tó sọ pé òun jẹ̀bi. Ọkùnrin yìí sì sọ ọ́ lórí àkàbà, lójú gbogbo òṣìṣẹ́, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní kó sọ̀kalẹ̀ wá di aṣọ mú. Bí ó ṣe sọ̀kalẹ̀ nìyẹn, tó ń di etí aṣọ mú títí tí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, tí aránṣọ ń fi aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ gba ìsàlẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìtura dé, ó ní òun ò rí aṣọ fèrèsé tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ gbọ́?" ni Onígíláàsì sọ sí i létí. "Àṣìṣe mi lọ̀gá ń yìn."

"Ẹ dákẹ́ o, kí n má baà sọ fún un."

Kí iṣẹ́ ilé ìtura náà tó parí, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn. Kò tún sí ọjọ́ tí Onígíláàsì kì í rí nǹkan kan wọ̀n ní yàrá tí aránṣọ bá wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gíláàsì ti wà lójú gbogbo fèrèsé. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Kí là ń fi bò? Aránṣọ náà fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ń tú ìlà tó tọ́ kó lè tún un rán, kí iṣẹ́ má baà tètè parí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ parí. Onígíláàsì padà sí ìlú rẹ̀, níbi tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ wà, ìrìn odindi ọjọ́ kan nínú mọ́tò. Láti ìgbà náà, fóònù ló kù. Nígbà tí fóònù kò tó wọn mọ́, Onígíláàsì wọ bọ́ọ̀sì wá, ó ní òun fẹ́ rí bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí bàbá yìí jẹ́. Awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ni kó tó fẹ̀yìn tì. Máa-Rọra ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí kò sí ẹni tí kì í sọ ọ́ fún. Ó ń sọ ọ́ fún awakọ̀, ó ń sọ ọ́ fún oníkẹ̀kẹ́, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń ti ọmọ ìkókó lójú títì. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọkọ̀ wíwà. Ó gba Onígíláàsì tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó da tíì fún un, ó bi í léèrè iṣẹ́, ó bi í léèrè ìyá. Onígíláàsì ní ara ìyá òun le, ìbàdí rẹ̀ nìkan ni kò gbà fún un mọ́. Igi ló fi ń rìn, kò sì lè jókòó pẹ́ nínú mọ́tò.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni bàbá wí. "Ìlú wo lo ní ẹ ń gbé?"

Onígíláàsì sọ ọ́. Bàbá gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìparí ọ̀nà tèmi gan-an nìyẹn. Ọ̀nà tí mo fi gbogbo ayé mi rìn." Ó dìde dúró. "O ṣeun tó o wá. Mi ò ní fi ọmọ mi fún ọ̀nà yẹn."

"Bàbá, èmi ni mò ń fẹ́ ẹ o, kì í ṣe ọ̀nà."

"Ìwọ ò mọ ọ̀nà. Èmi mọ̀ ọ́n. Bí ìyá rẹ bá fẹ́ ọmọ mi tọkàntọkàn, kó dìde wá síbí kó wá bá mi sọ̀rọ̀ lójúkojú. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ẹ sì rántí pé ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìbàdí. Ìyẹn ló dun aránṣọ jù. Bàbá ò sọ pé rárá. Ó kàn kọ́ ilẹ̀kùn kan tí kò ní ojú ibi tí èèyàn lè gbà wọlé, ó wá ní kí wọ́n máa bọ̀.

Wọ́n rán Àǹtí Onídìrí sí i. Àbúrò bàbá ni, òun ló ń ṣe irun fún ìdajì àwọn obìnrin àdúgbò, kò sì sí ìjà tí kò lè fi ẹnu tú bó ṣe ń tú irun. Ó wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó pẹ́ níbẹ̀, ó sì jáde wá bá aránṣọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Mo bẹ̀ wọ́n, mo bá wọn jà, mo tún bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ti di òkúta."

"Kí ni Onígíláàsì ṣe fún wọn, àǹtí?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n." Ó fa àga mọ́ra. "Ṣé o rántí bí ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe tí mọ́tò bá dúró níta?"

Ṣé èèyàn lè gbàgbé ni? Ìyá rẹ̀ á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sáré lọ sídìí fèrèsé, á fi ìka kan ṣí etí aṣọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, mọ́tò aládùúgbò ni. Ìyá á rọra jọ̀wọ́ aṣọ náà, á padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí fèrèsé yẹn náà ló jókòó sí títí àìsàn fi gbé e dè, tó sì lọ, bàbá ò sì tíì dé.

"Bàbá rẹ mọ̀ pé bó o bá lọ," ni Àǹtí Onídìrí wí, "àwọn ló kàn láti jókòó sídìí fèrèsé."

Aránṣọ bú sẹ́kún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó nu ojú rẹ̀, ó gba pálọ̀ lọ, ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó jókòó sí.

"Bàbá, ó dáa. Ìyá rẹ̀ ò lè wá. Èmi á lọ bá a."

"Lọ síbo?"

"Síbẹ̀. Màá wa mọ́tò mi lọ. Bí ìyá rẹ̀ bá gbà mí, màá fẹ́ ọmọ rẹ̀. Bí kò bá gbà mí, ẹnu rẹ̀ ni màá ti gbọ́ ọ."

"O ò ní lọ ibì kankan! Ṣé o mọ ibi tí mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ? Ọ̀nà yẹn ni. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ dákẹ́ ńkọ́? Ọ̀nà yẹn náà ni! Mi ò bímọ kó wá jókòó ti fèrèsé máa retí mọ́tò."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ, màámi ló ń dúró. Èmi ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi ni màá wà á."

"Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

"Èmi kì í ṣe ajá, Bàbá, mo sì mọ ibi tí mò ń lọ."

Họ́wù! Òun náà ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu òun. Kò sọ irú rẹ̀ sí bàbá rẹ̀ rí. Bàbá wò ó, kò bú u, kò lé e. Ó kàn dákẹ́, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà lọ. Bó bá kí i láàárọ̀, á mi orí. Bó bá gbé oúnjẹ fún un, á jẹ ẹ́ láìwo ojú rẹ̀.

Ẹlòmíràn ì bá lọ máa gbèrò ìrìn rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Kì í ṣe aránṣọ yìí. Orí tábìlì pálọ̀, níwájú bàbá rẹ̀, ló tẹ́ aṣọ funfun kan tó ṣẹ́kù lára iṣẹ́ sí. Ó na òwú pupa láti etí kan dé èkejì, ó ní ọ̀nà nìyẹn. Ó da agolo bọ́tìnì rẹ̀ sílẹ̀. Bọ́tìnì dúdú ni ìlú tí wọ́n wà, bọ́tìnì funfun ńlá ni ìlú Onígíláàsì. Ó wá pe Onígíláàsì lórí fóònù, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Lẹ́yìn afárá, kí ló kàn?"

"Ilé epo kan wà níbẹ̀, lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni igbó, kí òkè tó bẹ̀rẹ̀." Onígíláàsì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí n wá mú ọ. Màá wọ bọ́ọ̀sì wá, màá wa mọ́tò rẹ padà."

"Rárá o. Bó o bá wá mú mi, wọ́n á ní ṣe lo jí mi gbé. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fẹ́ fi wọ ilé ìyá rẹ."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́ ni?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Kó wọ mọ́tò, màá gbé òun náà lọ."

Ó gbé bọ́tìnì aláwọ̀ ewé kan sí ibi ilé epo, ó gbé pupa kan sí ibi tó máa ti sinmi. Bàbá ń mu tíì rẹ̀, ó ń wo ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́tìnì ewé kò sí níbi tó fi í sí mọ́. Ó ti wà ṣáájú afárá. Aránṣọ wo yàrá bàbá rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó dá bọ́tìnì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó ti ṣọ́ọ̀bù dé, ó tún ti kúrò níbẹ̀. Ó tún dá a padà, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ó lè wọ tábìlì. Ṣé eré ni bàbá òun ń fi òun ṣe ni? Ẹni tí kò lè ṣí ẹnu sọ "káàárọ̀", ọwọ́ rẹ̀ wá mọ ibi tí bọ́tìnì wà!

Àǹtí Onídìrí wá sílé lọ́jọ́ tí ìrìn ku ọ̀la, ó wá di irun fún un. Pálọ̀ ni wọ́n jókòó sí. Bàbá fi ìwé ìròyìn bo ojú lórí àga rẹ̀.

"Ìgbà wo lo máa gbéra?" ni àǹtí bi í.

"Mo ní aṣọ fèrèsé kan tí mo fẹ́ gbé fún oníbàárà láàárọ̀. Tí mo bá jẹun ọ̀sán tán, màá bọ́ sọ́nà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, màá gun òkè yẹn nírọ̀lẹ́ tí ojú ọjọ́ bá ti tutù, màá sì sùn lọ́nà."

Ìwé ìròyìn gbọ̀n.

"Tí mo bá sáré díẹ̀," ni aránṣọ tún wí, "mo lè ti gun òkè tán kí oòrùn tó wọ̀."

"Oòrùn!" ni bàbá pariwo. Ìwé ìròyìn bọ́ sílẹ̀. "Ìwọ̀ oòrùn ni òkè yẹn kọjú sí! Ẹni tó bá gùn ún nírọ̀lẹ́, oòrùn á máa tàn sí i lójú ní gbogbo kọ́nà, ibẹ̀ gan-an ni ojú ò sì gbọ́dọ̀ ṣú èèyàn. Ìdájí lèèyàn ń gbéra, kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀! Àti ilé epo yẹn! Mo gbé bọ́tìnì kúrò níbẹ̀, o dá a padà. Mo tún gbé e, o tún dá a padà! Kì í ní epo lọ́pọ̀ ìgbà. Ibi tí mo gbé e sí ṣáájú afárá ni kó o ti rà á!"

"Ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀, báwo ni màá ṣe mọ̀?"

Bàbá rí i pé ẹnu òun ti yọ. Ó gbé ìwé ìròyìn rẹ̀. "Mi ò ní kó lọ o."

"A gbọ́," ni Àǹtí Onídìrí wí, kò gbé ojú kúrò lára irun. "Ẹ ò ní kó lọ. Ìgbà tó máa lọ nìkan lẹ sọ."

Aránṣọ fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tí àǹtí lọ tán, ó lọ kúnlẹ̀ ti àga bàbá rẹ̀.

"Bàbá, màá máa wá wò yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà máa ń sọ fún ìyá rẹ." Ohùn rẹ̀ ò le mọ́. "'Màá tètè dé.' Kò sí ìgbà tí mi ò sọ ọ́. Mo sì gbà á gbọ́ ní gbogbo ìgbà."

Aránṣọ padà sídìí tábìlì, ó sì ń wo òwú pupa yẹn. Bí òun náà bá dà bíi bàbá òun ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹni tó bá ń lọ ni kì í mọ̀ bí ìdúró ṣe rí ńkọ́? Ó na ọwọ́ láti kó bọ́tìnì náà padà sínú agolo. Ó mú dúdú. Ó mú un lọ́wọ́ títí ó fi gbóná. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé, bí o bá kó o lónìí, o ò ní tún un tẹ́ mọ́ láé, ìwọ náà á sì fi ọjọ́ ayé rẹ jókòó nílé yìí máa retí ipe fóònù, ìdí fèrèsé náà ṣì ni.

Ó mú abẹ́rẹ́. Ó rán bọ́tìnì dúdú mọ́ aṣọ, ó rán funfun ńlá mọ́ ọn, ó rán gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó lọ́ òwú mọ́ wọn nídìí kí ó le. Ó ku bọ́tìnì ewé. Ó gbé e sí ṣáájú afárá, níbi tí bàbá rẹ̀ gbé e sí, ó sì rán an mọ́ ibẹ̀. Ó tó, ó pé. Kò sí ẹni tó máa gbé wọn kúrò mọ́, títí kan òun alára.

Ní ìdájí, ó gbé àpò rẹ̀ àti aṣọ bọ́tìnì náà jáde. Aṣọ fèrèsé oníbàárà ti wà lọ́wọ́ Àǹtí Onídìrí, òun ló máa bá a gbé e lọ. Mọ́tò wà níta, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, níwájú ìdarí ọkọ̀, ó dé fìlà tó máa ń dé nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó sì ti wọ bàtà.

"Mo ti yẹ omi wò," ló sọ. "Mo ti fẹ́ táyà."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo ní kí ìyá rẹ̀ wá rí mi lójúkojú. Kò lè dìde. Èmi lè dìde." Ó gbá ìdarí ọkọ̀ mú. "Wọlé ká máa lọ."

Omi lé ròrò sójú aránṣọ. Ó wù ú kó wọlé sí ẹ̀gbẹ́ kejì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó fi orí lé èjìká bàbá rẹ̀ bí ìgbà tó wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó dúró síbẹ̀, ó di àpò rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ sún."

"Kí ni?"

"Ẹ sún sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Èmi ni mò ń lọ fẹ́ ọkọ."

"Èmi ni mo mọ ọ̀nà!"

"Ẹ ó máa fi hàn mí. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá wà á, ẹ̀yin lẹ gbé mi lọ nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ọkọ̀. Àbí ẹ ò kọ́ mi dáadáa ni?"

Bàbá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fajú ro, ó kùn, ó ní ọmọ ìsinsìnyí ò ní ojútì. Lẹ́yìn náà ó sọ̀kalẹ̀, ó yí iwájú mọ́tò ká, ó sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kejì, kò wọlé.

"Mi ò jókòó síbí rí ní ọ̀nà yẹn," ló wí. "Èrò ló máa ń wà níbẹ̀. Ìyá rẹ bẹ̀ mí títí pé kí n gbé òun dé ìparí ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun mọ ibi tí mò ń lọ. Mo ní ó dọjọ́ mìíràn."

Aránṣọ jókòó sídìí ìdarí ọkọ̀. Ó nawọ́ láti inú, ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bàbá wọlé, ó jókòó, ó gba aṣọ bọ́tìnì lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún. Ìka rẹ̀ kan bọ́tìnì ewé, ó fà á, kò kúrò. Ó tún fi ìka pa á lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mọ́tò gbéra. Wọ́n kọjá fèrèsé ilé wọn, wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Onídìrí, wọ́n bọ́ sójú títì ńlá. Oòrùn ń yọ lẹ́yìn wọn. Aránṣọ rí i pé bàbá òun la ẹnu, ó sì ti mọ ọ̀rọ̀ tó máa jáde. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ó dúró de "máa rọra".

Bàbá pa ẹnu dé. Ó wo ọ̀nà tó na gbọọrọ níwájú.

"Tẹná, ọmọ mi," ló wí. "Ìyá kan ń dúró dè wá."